Ta Ló Ń Mi Mọ́tò Ṣítù?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí Akódà Fáwùnmí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Lálúpọn, mọ́tò Ṣítù wà lábẹ́ igi ìyeyè níwájú ilé, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n fìtílà ojú rẹ̀ méjèèjì ń mì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pariwo gbà-gbà-gbà, àwọn adìẹ tó máa ń sinmi lábẹ́ rẹ̀ sì ti lọ wá ibòmíràn dùbúlẹ̀ sí.

Josiah, dẹ́rẹ́bà mọ́tò náà, tó jí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ kí wọ́n tó mú un, jókòó sórí odó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọn kò dè é. Àwọn ọkùnrin méjì kan tó mú ọkọ́ lọ́wọ́ ló ń ro ilẹ̀ yí i ká, níbi tí ẹyọ koríko kan kò sí.

Akódà Fáwùnmí kò ga, kò sì sanra. Fìlà pupa ilé ẹjọ́ Ìbàdàn ló mú un yàtọ̀. Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ kó má baà tètè gbó. Ó dúró, ó wo iwájú, ó ní:

“Òun nìyẹn?”

“Òun ni ọ̀daràn náà!” Ṣítù na ìka sí Josiah. “Ẹ wò ó bí ó ṣe jókòó bí ẹni rere!”

“Mọ́tò ni mo ń béèrè,” ni Fáwùnmí wí.

Mọ́tò náà kì í ṣe ọmọdé. Òyìnbó kan tó ń ra kòkó n'Ìbàdàn ló ni ín kí ogun Jámánì tó bẹ̀rẹ̀. Awọ pupa ni àga rẹ̀, idẹ ni fìtílà rẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ láti Olódò títí dé Ìwó. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílùú rẹ̀ ní ọdún kẹjọ tí ogun parí, Ṣítù fi owó kòkó rà á. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sẹ́ni tó pè é ní nǹkan mìíràn ju Ṣítù Onímọ́tò lọ. Baálẹ̀ ló máa ń gbé sínú rẹ̀, àti òyìnbó kòkó. Àwọn ìyàwó rẹ̀ kò tíì fìdí kan àga náà rí.

Oṣù yìí ni àìsàn dé. Tí mọ́tò bá ń sáré, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Tó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á gbọ̀n títí, nígbà mìíràn á sì kú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ẹnu ọ̀nà Baálẹ̀ ló ti ṣe é. Ṣítù ti ní kí Josiah má pa ẹ́ńjìnnì, kí òun lè rọra sọ̀ kalẹ̀ kí ayé rí òun. Ayé rí i. Mọ́tò gbọn fìlà rẹ̀ bọ́ sínú àgbàrá, ewúrẹ́ sì gbé e sá lọ.

Níbẹ̀, níwájú Baálẹ̀, ni Ṣítù ti búra: “Mo fi Ọlọ́run búra! Ẹni tó bá ń ba mọ́tò mi jẹ́, èmi fúnra mi ni n óò gbé e sẹ́yìn mọ́tò yìí, n óò gbé e dé iwájú ilé ẹjọ́ Ìbàdàn ní ọ̀sán gangan, kí gbogbo ènìyàn rí i!”

Josiah sì ni gbogbo ènìyàn wò. Ará Abẹ́òkúta ni, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò ní Lálúpọn. Bí ó bá dé ilé ẹjọ́, wọn yóò gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún fi mọ́tò lé e lọ́wọ́ mọ́ títí ayé. Iṣẹ́ mìíràn wo ló sì mọ̀?

“Gbọ́, ọmọ mi,” ni Fáwùnmí wí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú odó náà. “Kí ni wọ́n ní o ṣe?”

“Wọ́n ní mo sọ̀rọ̀, bàbá.”

“Ọ̀rọ̀ wo?”

“Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá láti máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n ní rárá. Inú bí mi, mo ní, ‘Kò burú, mọ́tò yìí náà yóò sinmi.’”

“Ẹ gbọ́!” ni Ṣítù pariwo. “Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́!”

Fáwùnmí mi orí. “Ẹnu rẹ ti ṣe ọ́ níkà, ọmọ mi. Ó di dandan kí n mú ẹnì kan lọ kí wọ́n tó kírun Àlàásárì. Dìde, wá bá mi tẹ iná sí i.”

Josiah wọ inú mọ́tò, ó fẹsẹ̀ tẹ iná sí ẹ́ńjìnnì. Lójú ẹsẹ̀ ni gbígbọ̀n dáwọ́ dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, gbà-gbà-gbà tún bẹ̀rẹ̀. Fáwùnmí ní kó tún ṣe é. Ó tún ní kó tún ṣe é. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì pa ẹnu mọ́. Èyí dun Ṣítù ju gbogbo rẹ̀ lọ.

“Kí lẹ rí?”

“N kò tíì rí nǹkan. Mo gbọ́ ni. Ta ni ẹ tún fura sí?”

*

Wọ́n pe Òrìṣàdìpẹ̀ wá láti ilé kejì. Òun ló kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ ní Lálúpọn, àwọn obìnrin a sì máa jáde wò ó, títí mọ́tò fi dé tí kò sẹ́ni tó tún yíjú sí kẹ̀kẹ́ mọ́.

“Wọ́n ní ìwọ lo fi oògùn mú mọ́tò yìí,” ni Fáwùnmí wí.

“Bàbá Akódà, ẹ̀yin náà ẹ wò mí! Ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi ti já lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù yìí. Bí mo bá ní oògùn irin, ṣé ti ọlọ́rọ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ bá fínra?”

“Irọ́ ló ń pa!” ni Ṣítù ké. “Ojú ọ̀nà ló rì í mọ́!”

“Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ló rì í mọ́,” ni Fáwùnmí dáhùn, “ojú ọ̀nà ni ìbá ti máa dà á láàmú. Ojú ọ̀nà gan-an ni ara rẹ̀ ti ń yá. Oògùn wo ló ń dúró kí ènìyàn dé ibi tó ń lọ kó tó rántí iṣẹ́ rẹ̀? Máa lọ, Òrìṣàdìpẹ̀. Fi òróró sí ṣéènì rẹ.”

Ó ku Adéyẹmí, fítà tó ń tún mọ́tò ṣe n'Ìbàdàn. Ṣítù ló ránṣẹ́ pe òun àti Fáwùnmí, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ ojú irin wá ní òwúrọ̀ náà; ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sí àyà bí ọmọ ọwọ́.

“Fítà, ìgbà mélòó lo ti wá?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta, bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà ni mo wò ó sàn.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà ló sì jẹ iyán wa tán!” ni ohùn Mùjíbátù, ìyálé Ṣítù, wá láti ẹnu ọ̀nà. “Òkèlè rẹ̀ tó orí ọmọ tuntun!”

“Nítorí iyán ni wọ́n ṣe lẹ̀dí àpò pọ̀!” ni Ṣítù wí. “Òun àti dẹ́rẹ́bà! Ọ̀kan ń bà á jẹ́, èkejì ń wá jẹun!”

Fáwùnmí gbé ọwọ́ sókè. “Kí lo ṣe sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́?”

“Mo nu àwọn ibi tí iná ti ń ṣẹ́ sí epo.”

“Ẹ̀ẹ̀kejì?”

“Mo tú ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, mo fọ̀ ọ́.”

“Ẹ̀ẹ̀kẹta?”

“Mo fi omi gbígbóná fọ àgbá epo.”

“Aláìsàn kan ṣoṣo, oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì wò ó sàn.” Fáwùnmí fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n. “A jẹ́ pé kò sí ìkankan níbẹ̀ tó jẹ́ oògùn. Kí lo ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta tí kò yí padà?”

Adéyẹmí ronú títí iwájú orí rẹ̀ fi hunjọ. “Kò sí o. Àfi pé bí mo bá parí iṣẹ́, gbogbo ohun tó bá ṣeé fún ni mo máa ń fún kó le, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Báyìí ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. N kì í tilẹ̀ wo ohun tí mo ń fún.”

“Ahà,” ni Fáwùnmí wí. Ó kọ ojú sí Ṣítù. “Fítà kọ́. Ìbàdàn ló wà nígbà tí mọ́tò ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kí àwa méjèèjì tó dé lónìí, ó ti ń gbọ̀n bọ̀. Nǹkan kan ń tú níbẹ̀. Fítà ń fún un láìmọ̀. Ẹnì kan tún ń tú u.”

*

Wọ́n ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Gbogbo inú rẹ̀ dúdú fún epo bí ìdí ìkòkò.

“Nígbà tí mo wà lọ́mọdé,” ni Fáwùnmí wí, bí ẹni tó ń sọ ìtàn fún ara rẹ̀, “ẹwìrì ni mo ń fín ní ilé àgbẹ̀dẹ àwọn ìyá mi. Ìgbà kan wà tí awọ ẹwìrì wa lu ihò kékeré kan. Bí mo bá fín in kíkankíkan, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, iná á máa jó fòò. Bí mo bá rọra ń fín in, ihò náà á jí èémí jẹ, iná á máa wúkọ́. Mọ́tò yìí ń mí. Nígbà tó bá ń sáré, èémí pọ̀ fún un, kò ka ihò sí. Nígbà tó bá dúró tó ń rọra mí, ihò ń dà á láàmú. Josiah, ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé?”

Josiah fi ọ̀pá irin kan hàn án. Fáwùnmí tọrọ òrí lọ́wọ́ Mùjíbátù, ó ń fi pa oríkèé ọ̀pá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró gbọ́. Mọ́tò kò dẹ́kun gbígbọ̀n. Lójijì ọwọ́ Fáwùnmí dúró. Lórí ọ̀pá dúdú náà, ife kékeré kan wà tí kò ju ìdérí ìgò lọ, ó sì ń dán yanran bí òrùka ìyàwó.

“Kí nìyí?”

“Ife òtútù ni, bàbá. Ní ìlú òyìnbó, bí òtútù bá mú ẹ́ńjìnnì, wọn á da epo díẹ̀ síbẹ̀ láti jí i. Ó ní ọrùn kan tí wọ́n ń yí láti ṣí i. Lọ́dọ̀ wa, oòrùn ló ń jí i. N kò fọwọ́ kàn án rí.”

Fáwùnmí na àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi bo ẹnu ife náà.

Gbígbọ̀n dáwọ́ dúró. Ilẹ̀kùn dákẹ́, fìtílà dákẹ́. Mọ́tò wá ń kùn jẹ́jẹ́ bí ológbò. Ó gbé ìka kúrò: gbà-gbà-gbà. Ó dá a padà: kẹ́kẹ́. Àwọn tó ń ro ilẹ̀ sọ ọkọ́ nù, wọ́n sáré wá wò. Adéyẹmí di orí rẹ̀ mú.

“Ẹ gbọ́ bí ó ṣe mọ orúkọ rẹ̀!” Ṣítù tún ti fò sókè. “Ta ló mọ ife òtútù ní Lálúpọn bí kò ṣe dẹ́rẹ́bà? Ta ló ń ṣí ìdérí yìí láràárọ̀?”

“Èmi ni, ọ̀gá,” ni Josiah wí. “Mo máa ń ṣí i kó gba atẹ́gùn, n óò wá lọ jẹ ẹ̀kọ ní ibùdókọ̀ rélùwéè.”

“Ó tán! Akódà, ẹ mú un!”

Ìdí Josiah tún wá odó lọ. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbà á là ti di okùn sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Fáwùnmí kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò ara rẹ̀ ló gbé sí imú, tó ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

*

“Àwọn ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n?” ni ó béèrè, nígbà tó ku òun àti Josiah lábẹ́ igi.

“Kò ní ọjọ́ kan pàtó, bàbá. Ọjọ́ Ajé ló kọ́kọ́ ṣe é, fítà wá lọ́jọ́ kejì. Ó tún ṣe é ní Jímọ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ti fìlà. Lónìí, Àbámẹ́ta. Kò lórí, kò nídìí.”

Fáwùnmí ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. “Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀. Márùn-ún. Jímọ̀, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun. Márùn-ún. Ìṣẹ́gun títí dé òní, márùn-ún.” Ó wo Josiah. “Ìwọ, ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lo fi ń ka ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá rẹ ń fi Jímọ̀ ka tirẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń ka méje. Ẹni tí à ń wá, ọ̀sẹ̀ àwọn bàbá wa ló ń kà.”

“Ta ló tún ń ka ìyẹn, bàbá?”

“Òùngbẹ ń gbẹ mí,” ni Fáwùnmí wí.

Mùjíbátù gbé omi wá nínú igbá, ó gbé igbá lé àwo idẹ kan. Àwo náà dán débi pé Fáwùnmí rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

“Ìyàwó, idẹ yìí mọ́ o.”

“Ti ìyá wa ni, bàbá. Gbogbo idẹ ilé yìí ni wọ́n ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ Ọ̀ṣun wọn ni òní. Ọmọ wọn ń kírun, àwọn ń bọ Ọ̀ṣun wọn lẹ́yìn ilé, ẹnì kan kì í yọ ẹnì kan lẹ́nu.”

Fáwùnmí na àtàǹpàkò rẹ̀ sí imú Josiah. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni.

Josiah yíjú sí ẹ̀yìn ilé. Ìyá àgbà! Ọ̀ṣunbíyìí, ìyá Ṣítù! Láti àárọ̀ tí wọ́n ti fi í sórí odó, òun nìkan ló ń gbé iṣu sísun wá fún un, tó ń sọ fún àwọn tó ń ro ilẹ̀ pé kí wọ́n yéé da erùpẹ̀ sí i lóúnjẹ.

“Bàbá,” ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹ kúkú máa mú mi lọ.”

“Kí lo wí?”

“Ọ̀gá ti búra níwájú Baálẹ̀. Ìyá wọn ni. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi.”

“O gọ̀,” ni Fáwùnmí wí. “Ṣùgbọ́n inú rẹ mọ́. Dìde, ká lọ kí ìyá.”

*

Ìyá àgbà jókòó lẹ́yìn ilé láàárín ẹ̀gbà idẹ, àwo idẹ àti awẹ́ ọsàn tó ti fún tán. Ọwọ́ rẹ̀ pupa fún iṣẹ́.

“Ẹ kú ọ̀sẹ̀ o, ìyá,” ni Fáwùnmí wí, ó dọ̀bálẹ̀. “Òòrẹ̀ Yèyé á gbè yín. Mo wá béèrè ni. Ta ló ń bá wọn fọ idẹ inú mọ́tò?”

“Ta ni ìbá tún fọ̀ ọ́?” Ìyá àgbà kò tilẹ̀ gbé orí sókè. “Àwọn fìtílà ńlá, dẹ́rẹ́bà ń nù wọ́n, mo rí i, ó ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ti kékeré inú lọ́hùn-ún! Idẹ gidi! Ọmọ mi gbé idẹ wọlé, ó wá jẹ́ kó dúdú bí ìkòkò ọbẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá ti lọ jẹ ẹ̀kọ, mo máa ń lọ bá a. Mo fi ọsàn fọ̀ ọ́, mo yí ọrùn rẹ̀ kí ọ̀fun rẹ̀ náà lè mọ́.”

“Ẹ kì í yí i padà?”

“Ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún, mo ṣe máa fún un lọ́rùn?” Ó wá gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ń dán. “Àbí ẹ̀yin kò rí i bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn? Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fọ̀ ọ́ tí Josiah jí i, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n! Mo ní háà, ó ti gùn ún! Òrìṣà ti gun mọ́tò ọmọ mi! Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí mo wẹ̀ fún un tí kò gùn ún. Ẹnì kan ló ń bà á jẹ́.”

“Ta ni, ìyá?”

“Fítà Ìbàdàn yẹn! Bí ó bá ti fi irin rẹ̀ kàn án báyìí, òrìṣà á lọ! Òun ni kí ẹ mú!”

Josiah bu sẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Nígbà tó yíjú, ó rí Ṣítù lẹ́yìn wọn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mùjíbátù dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi etí ìró bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì ju mọ́tò lọ.

“‘Èmi fúnra mi,’” ni Fáwùnmí rán Ṣítù létí jẹ́jẹ́. “‘Sẹ́yìn mọ́tò. Ní ọ̀sán gangan.’ Ẹ fi Ọlọ́run búra.”

“Ìyá mi kọ́ ni mo ní lọ́kàn!”

“Kí ni Ṣítù búra lé lórí?” ni ìyá àgbà béèrè.

Fáwùnmí ṣe ojú bí ẹni tó ń jíṣẹ́ ọba. “Ìyá, ó búra pé òun fúnra òun ni yóò gbé yín sẹ́yìn mọ́tò, lórí àga pupa, yóò gbé yín dé Ìbàdàn lónìí, kí gbogbo ayé rí yín.”

Ìyá àgbà fi ẹ̀gbà idẹ sílẹ̀. “Èmi? Nínú mọ́tò?” Ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wò ó. “Ṣítù! Láti ìgbà tó ti ń gbé Baálẹ̀ kiri, mo ní bóyá o kò rí ààyè ni. O tiẹ̀ búra sí i! Mùjíbátù, gèlè mi! Kì í ṣe ìyẹn, èyí tó dára!”

Ṣítù bojú wolẹ̀.

“Josiah,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Bá mi pa ife yẹn dé.”

*

Láti Lálúpọn dé Olódò, mọ́tò náà ń lọ bí ẹni ń rìn lórí òwú. Josiah ló ń wà á, Akódà jókòó tì í, bàtà rẹ̀ lórí itan. Ṣítù jókòó sẹ́yìn, ó fi agboòrùn bo ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbà idẹ kún ọwọ́ ìyá méjèèjì, ó sì ń juwọ́ sí gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn tó wà lóko tí wọn kò rí i.

Nígbà tí wọ́n kọjá Olódò, Ṣítù wúkọ́.

“Ọ̀la kọ́ ni ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ?”

“Ọ̀la ni, ọ̀gá.”

“Mọ́tò yóò sinmi lọ́la. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ náà.”

Josiah di ọwọ́ mọ́tò mú ṣinṣin, ojú ọ̀nà ń ṣe é bàìbàì.

Wọ́n dé iwájú ilé ẹjọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wà ní títì. Ewúrẹ́ kan nìkan ló dùbúlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Fáwùnmí sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí fìlà pupa rẹ̀.

“Mo jẹ́rìí sí i pé ìbúra ti pé,” ni ó wí.

Ìyá àgbà kò gbọ́. Ó tẹ etí sílẹ̀, ó fọwọ́ kan àga, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

“Kò gbọ̀n,” ni ó wí. “Láti ilé títí dé ibí. Ṣé kò mọ̀ pé èmi ló gbé ni?”

Ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́. Ṣítù wo ìyá rẹ̀, ó wo àwọn ènìyàn tó ti ń pé jọ lójú pópó, ó fọwọ́ kan fìlà tuntun tó wà lórí rẹ̀.

“Josiah.”

“Ọ̀gá.”

“Ṣí ife yẹn díẹ̀.”

Josiah sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìdérí sókè, ó yí ọrùn idẹ náà. Gbà-gbà-gbà! Fìtílà ń mì, ilẹ̀kùn ń mì, ẹ̀gbà idẹ ìyá àgbà ń ró ṣaworo-ṣaworo. Ìyá ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó pariwo, “Òòrẹ̀ Yèyé o!” ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin.

Fìlà Ṣítù fò bọ́ sílẹ̀. Ewúrẹ́ dìde lórí àtẹ̀gùn, ó wá wò ó. Ṣítù kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.